Ta Ni Ó Ní Yorùbá Kò Lè Wọn Òṣùpá?

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n ti fi kan èdè Yorùbá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé sì ti gbà bí òtítọ́ tí kò ní iyàn jíjà nínú. Ẹ̀sùn náà ni pé èdè yìí dára fún oríkì, ó dára fún òwe, ó dára fún ẹkún ìyàwó àti fún ìkíni òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a yára gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì mú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀mọ̀wé ni púpọ̀ nínú wọn, òbí ni wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ mọ ìjálá sun dáadáa. Ìkáàánú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣàánú ìyá arúgbó tí kò lè lọ sí oko mọ́. Èmi kò tọrọ ìkáàánú fún èdè mi. Ẹ̀rí ni mo ń bèèrè.

Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí ó gba èdè abínibí mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní lábẹ́ ìlànà ọdún 2022 kò tíì jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé ìlànà náà. Báwo ni ó ṣe wá dé yàrá ìdánwò WAEC? Òtítọ́ ni pé láti ọdún 1977 ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí a lo èdè abínibí ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé orí ìwé ni àṣẹ náà pọ̀ sí jù. A kì í dá ọbẹ̀ tí a kò sè lẹ́bi pé kò dùn.

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn dá wọn lóhùn. Bí mo bá fi bí omi ṣe ń hó tàbí bí irúgbìn ṣe ń hù ṣe ẹ̀rí, wọn yóò ní ìyẹn kò le. Nítorí náà, mo mú èyí tí ó le. Mo mú ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń tẹ́tí sí ìgbì rédíò láti ara ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí ojú sánmà, tí wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ mọ bí òòfà àwọn pílánẹ́ẹ̀tì àti ti àwọn òṣùpá ṣe rí, àti ohun tí ó wà nínú ikùn wọn, láì gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Iṣẹ́ yìí kò sí nínú àṣà wa. Àwọn baba ńlá wa kò ṣe é rí. Bí èdè Yorùbá bá lè sọ ọ́ kí ó sì yé òǹkàwé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Òòfà ni agbára tí ohun kan fi ń fa ohun mìíràn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òun ni ó ń mú kí ọsàn tí ó já lórí igi wá sílẹ̀. Òun náà ni ó ń mú kí òṣùpá máa yí ayé po tí kò fi sá lọ. Ní ọdún 1687, Isaac Newton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé tí ó fi òfin òòfà hàn. Bí ohun tí ó wà nínú ara nǹkan bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni òòfà rẹ̀ ṣe ń lágbára tó. Bí a bá sì ṣe jìnnà sí i tó ni ó ń dínkù, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, òòfà yóò ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé èyí. Bí inú pílánẹ́ẹ̀tì kan kò bá rí bákan náà, tí òkúta wíwúwo pọ̀ níhìn-ín, tí yìnyín fífúyẹ́ sì wà lọ́hùn-ún, òòfà tí ó wà lókè ibi méjèèjì kò ní dọ́gba. Ọkọ̀ tí ó bá ń bọ̀ wá sórí ibi tí ó wúwo yóò sáré díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ń fà á síwájú. Bí ó bá ti kọjá tán, yóò falẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ kan náà ń fà á sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó ń tú àṣírí ikùn pílánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà lọ́hùn-ún tí yóò rí i? Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Rédíò nìkan ni ó lè ròyìn.

Bí rédíò ṣe ń ròyìn rẹ̀ kò ṣòro. Ní ọdún 1842, Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ń kọ́ni ní ìlú Prague nígbà náà, sọ pé bí ohun tí ó ń mú ìgbì jáde bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìgbì náà yóò fún pọ̀, iye tí yóò dé ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò sì pọ̀ sí i. Bí ó bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ìgbì yóò fẹ̀, iye náà yóò sì dínkù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí ní ẹ̀gbẹ́ títì Èkó sí Ìbàdàn ti mọ èyí kí a tó sọ fún un. Hóònù ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń sáré bọ̀ máa ń dún sókè. Bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá, ohùn hóònù náà yóò wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kò pààrọ̀ hóònù. Ní ọdún 1845, Buys Ballot, ará Netherlands, kó àwọn afunpè sínú ọkọ̀ ojú irin ní agbègbè Utrecht, ó sì fi àwọn olórin mìíràn tí etí wọn dá ṣáká sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ gbọ́ pé ohùn ìpè tí ó ń bọ̀ ga ju èyí tí wọ́n ń fun lọ, èyí tí ó ń lọ sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Etí ọmọ ènìyàn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi dán òfin náà wò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó ní Yorùbá kò lè ṣe é fara balẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí a bí sí ilé Yorùbá mọ̀ pé *ọkọ* kì í ṣe *ọkọ́*, *ọkọ́* kì í ṣe *ọkọ̀*, *ọkọ̀* kì í sì í ṣe *ọ̀kọ̀*. Gíga àti ìrẹlẹ̀ ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ sì kíyè sí bí ọmọ náà ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ohùn baba àgbà nípọn, ohùn ọmọdé tín-ín-rín. Ohùn òkè láti ẹnu baba àgbà lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ láti ẹnu ọmọdé lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀rọ̀ baba gbọ́. Kì í ṣe bí ohùn ti ga tó gan-an ni etí wa ń wọ̀n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti àwọn ohùn tí ó yí i ká ni. Bákan náà ni onídùndún: bí ó bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn ìlù á lọ sókè, bí ó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀, ìlù ńlá àti ìlù kékeré sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun tí àwọn tí ó ń tẹ́tí sí ọkọ̀ sánmà ń ṣe gan-an nìyí. Wọn kì í kàn bèèrè pé báwo ni ìgbì ti ga tó. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò bí ì bá ṣe rí bí ó bá jẹ́ pé inú pílánẹ́ẹ̀tì náà rí bákan náà yíká. Wọ́n á wá fi èyí tí wọ́n retí wé èyí tí wọ́n gbọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù láàrin méjèèjì ni iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà jẹ́. Mo pe ìyàtọ̀ yìí ní àṣẹ́kù, n kò sì ní láti yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹnì kan má sì ṣe sọ pé mo ní ìgbì rédíò jẹ́ ohùn. Kì í ṣe ohùn. Ó ń rìn tó nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń la ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ kọjá, níbi tí ohùn kò lè gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tí ó fi gíga àti ìrẹlẹ̀ ohùn ṣe ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè di odi nígbà tí a bá dé orí gíga àti ìrẹlẹ̀ ìgbì.

Àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ibùdó mẹ́ta fún iṣẹ́ yìí: Goldstone ní ìpínlẹ̀ California, ọ̀kan nítòsí Madrid ní Spéìn, àti ọ̀kan nítòsí Canberra ní Ọsirélíà. Wọ́n tò wọ́n yí ayé ká kí ó lè jẹ́ pé bí ayé ti ń yí, ọ̀kan nínú wọn yóò máa kọjú sí ọkọ̀ náà. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní àwo ńlá kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 70. Ibùdó yóò rán ìgbì lọ, ọkọ̀ yóò gbà á, yóò sì dá a padà, aago tí ó péye gan-an yóò sì máa ka iye ìgbì tí ó ń dé. Wọ́n ní láti yọ ohun tí ìyípo ayé fúnra rẹ̀ fi kún un kúrò, wọ́n á yọ ti afẹ́fẹ́ ayé wa, wọ́n á yọ ti ohun tí ń tú jáde lára oòrùn. Bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ẹ̀wà ni. Lẹ́yìn gbogbo ìfẹ́ náà ni àṣẹ́kù tó hàn.

Kí ni wọ́n ti fi mọ̀? Láàrin ọdún 1966 sí 1967, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ márùn-ún tí a ń pè ní Lunar Orbiter lọ yí òṣùpá po. Àwòrán ni iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, Paul Muller àti William Sjogren, òṣìṣẹ́ ibùdó JPL ní California, ṣe àyẹ̀wò ìgbì rédíò ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì rí i pé ọkọ̀ náà ń sáré, ó sì ń falẹ̀, bí ó ti ń kọjá lórí àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú kan tí a ń fi ojú wa rí láti ilé ayé. Ohun wíwúwo kan ṣù jọ sábẹ́ àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, wọ́n sì so wọ́n pọ̀, wọ́n pè é ní mascon. Èmi ń pè é ní ìṣùwúwo. Nígbà láéláé ni àwọn àpáta ńlá láti ojú sánmà kọlu òṣùpá. Ohun wíwúwo láti ìsàlẹ̀ ru sókè sábẹ́ ihò tí wọ́n dá, òkúta yíyọ́ sì ṣàn kún orí rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní oṣù keje ọdún 1969, Apollo 11 balẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 6 sí 7 sí ibi tí wọ́n fojú sùn. Àìdọ́gba òòfà òṣùpá wà lára ohun tí ó fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdí mìíràn wà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ti kọ́gbọ́n, Apollo 12 balẹ̀ ní ibi tí kò tó mítà 200 sí ọkọ̀ Surveyor 3 tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, Apollo 16 fi ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ kí ó máa yí òṣùpá po. Kò lò ju ọjọ́ 35 lọ tí àwọn ìṣùwúwo fi fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi forí sọ òṣùpá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ìṣòro kan kù. Ojú kan náà ni òṣùpá ń kọ sí wa nígbà gbogbo. Bí ọkọ̀ bá lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìgbì kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ Japan ni ó kọ́kọ́ wá ojútùú sí èyí. Ní ọdún 2007 wọ́n rán ọkọ̀ kan lọ pẹ̀lú kékeré méjì. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré náà ń gba ìgbì láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ńlá tí ó wà lẹ́yìn òṣùpá, ó sì ń ta á sí ayé. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ọkọ̀ ńlá ni Kaguya, orúkọ ọmọbìnrin tí ó ti inú òṣùpá wá nínú àlọ́ wọn àtijọ́. Àwọn kékeré ni Okina àti Ouna, bàbá arúgbó àti ìyá arúgbó tí ó tọ́ ọmọ náà. Èdè tí wọ́n fi ń pàlọ́ fún ọmọ wọn ni wọ́n fi sọ irin tí ó ń wọn òòfà lórúkọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ fi èdè yẹn kí ara wọn láàárọ̀.

Ní ọdún 2011, Amẹ́ríkà rán ìbejì lọ, ọkọ̀ méjì tí ó jọ ara wọn bí omi. Iṣẹ́ náà ni a ń pè ní GRAIL, Maria Zuber ti MIT ni ó sì darí rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣíwájú, ìkejì ń tẹ̀lé e. Bí Táyéwò bá súnmọ́ ìṣùwúwo, yóò sáré síwájú, àlàfo àárín wọn yóò sì fẹ̀. Bí ó bá kọjá, ìṣùwúwo yóò fà á sẹ́yìn, Kẹ́hìndé tí ó ń bọ̀ yóò sì sáré, àlàfo náà yóò sún kì. Rédíò ni wọ́n fi ń wọn àlàfo yìí, wọ́n sì lè mọ ìyípadà tí ó kéré ju ìbú irun orí kan lọ. Títí di ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2012, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ darí wọn sọ orí òkè kan lórí òṣùpá, wọ́n ti wọn òòfà òṣùpá, iwájú àti ẹ̀yìn, ju bí a ti wọ̀n ọ́n rí lọ. Ta ni ó sọ ìbejì náà lórúkọ? Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Bozeman, ìpínlẹ̀ Montana, ni. Wọ́n pè wọ́n ní Ebb àti Flow, èyíinì ni ìfàsẹ́yìn omi òkun àti ìkún rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé òòfà òṣùpá ni ó ń fà á. Ọmọ kíláàsì kẹrin! Ó lè sọ ọ́ nítorí pé èdè ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ fi ṣàlàyé òòfà fún un. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ ìtumọ̀ òòfà sórí ní èdè tí a kì í sọ nílé wọn, ó ń kà á bí ọfọ̀, wọ́n sì ní ìyẹn ni ọ̀làjú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí kan sí i, èyí tí ó dùn mọ́ mi jù lọ. Saturn ní òṣùpá kékeré kan tí ó ń jẹ́ Enceladus, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 500. Yìnyín ni ó bò ó. Ní ọdún 2005, ọkọ̀ Cassini rí i pé omi dídì àti oruku ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, níhà gúúsù. Ṣé omi wà nínú rẹ̀ ni? Cassini kọjá nítòsí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún iṣẹ́ òòfà, ẹ̀ẹ̀mejì ní ọdún 2010 àti ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún 2012. Ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì rédíò fi ń lo ju wákàtí kan lọ kí ó tó dé ayé. Síbẹ̀, wọ́n lè mọ̀ bí ìrìn ọkọ̀ náà bá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní wákàtí kan yàtọ̀. Ìgbín yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2014, Luciano Iess ti yunifásítì Sapienza ní Róòmù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n rí. Ilẹ̀ gúúsù Enceladus jìn wọlé bí àwo. Nítorí pé nǹkan dínkù níbẹ̀, ó yẹ kí òòfà ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rẹlẹ̀ tó bí jíjìn ibẹ̀ ti tó. Nǹkan kan tí ó wúwo ju yìnyín lọ ní láti wà nísàlẹ̀ tí ó ń dí àlàfo náà. Kí ni ó wúwo ju yìnyín lọ? Ẹ fi yìnyín sínú ife omi, ẹ ó rí i pé yìnyín ni ó ń léfòó. Omi ni ó wúwo jù. Wọ́n ní omi kan tí ó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 10 wà níbẹ̀, lábẹ́ yìnyín tí ó nípọn tó kìlómítà 30 sí 40. Ní ọdún 2015, àwọn mìíràn fi àwòrán wo bí òṣùpá náà ṣe ń mì, wọ́n sì fi hàn pé omi náà yí i ká pátápátá. Ẹ̀yin òǹkàwé, èwo nínú èyí ni kò yé yín?

Mo mọ àtakò tí ó ń bọ̀. Ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, mo dábàá rí pé kí a máa fi Yorùbá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ ó máa yá ọ̀rọ̀ lò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú." Bẹ́ẹ̀ ni. Mo yá rédíò, mo yá pílánẹ́ẹ̀tì, mo yá kìlómítà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Látìn ni ó ti mú ọ̀rọ̀ tí ó ń pe òòfà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju wíwúwo lọ. Gíríìkì ni ó ti mú pílánẹ́ẹ̀tì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju alárìnkiri lọ. Kódà ìwé ọdún 1687 tí mo dárúkọ níṣàájú, Newton kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Látìn ni ó fi kọ ọ́, nítorí pé Látìn ni èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 1729, nígbà tí Newton ti kú, ni odidi ìtumọ̀ rẹ̀ tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti gbà pé èdè oko ni èdè wọn, inú Látìn ni àwa náà ì bá máa fìdí rẹmi lónìí.

Àwọn kan tún wà ní apá kejì tí mo ní láti bá wí, bí wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ àṣà. Àwọn wọ̀nyí yóò ní kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí, pé Ifá ti sọ ọ́, pé àwọn baba wa ti mọ òòfà kí Newton tó dáyé. Mo bọ̀wọ̀ fún Ifá ju kí n fi ṣe irọ́ lọ. Ọgbọ́n Ifá jinlẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka iye ìgbì rédíò, kò sì sọ pé òun kà á. Ẹni tí ó ń sọ pé a ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán ń sọ fún ọmọ wa pé kò sí iṣẹ́ kankan tí ó kù fún un láti ṣe. Òun àti ẹni tí ó ní a kò lè ṣe é láéláé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: àwọn méjèèjì ni kò ní jókòó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì kan ní Yorùbá. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí a gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, kí a sì fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ni tiwa nínú òkun Enceladus nígbà tí kò sí iná, tí kò sí omi ẹ̀rọ. Ó dára kí ó dárúkọ omi. Láti ọdún 2002 sí 2017, ọkọ̀ ìbejì mìíràn tí ń jẹ́ GRACE, iṣẹ́ àjọṣe Amẹ́ríkà àti Jámánì, ń yí ayé tiwa yìí po, ó ń fi ọgbọ́n kan náà wọn òòfà rẹ̀. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá dínkù, òòfà ibẹ̀ á dínkù. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn pé omi abẹ́ ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn àríwá Íńdíà ń gbẹ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń fà á ju bí òjò ti ń dá a padà lọ. Ní ìlú wa, ilé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Àgbẹ̀ àti onílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, èdè wo ni a ó fi sọ fún wọn?

Kì í sì í ṣe pé a kò tíì dán an wò. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olótùú ìwé èdè-ìperí tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní Yorùbá dé ipò ọ̀mọ̀wé. Ọ̀nà ti là. Ìrìn ni kò pọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn onímọ̀ físíìsì wa jókòó ti àwọn onímọ̀ èdè, kí wọ́n kọ ìwé òòfà kan fún ọmọ kíláàsì kẹrin, pẹ̀lú ohùn ìlù àti hóònù ọkọ̀ nínú rẹ̀. Kí ìjọba tí ó fagi lé ìlànà ọdún 2022 fi èsì àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ lóòótọ́ hàn wá, kí ó má ṣe fi ti àwọn tí a kò fi kọ́ dá wa lẹ́bi. Ẹni tí ó bá sì tún fẹ́ sọ fún mi pé Yorùbá kò lè sọ bí a ṣe ń wọn òṣùpá, kí ó kọ́kọ́ pa ìwé rẹ̀ dé, kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé àṣẹ́kù fún mi, láì há ọ̀rọ̀ kankan sórí. Mo ti bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò rí i ṣe. Ohun tí kò bá yé ènìyàn, kò sí èdè tí ó lè bá a sọ ọ́. Kí ó má wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru èdè ìyá wa.